Ilẹ̀ Tí Dígí Rẹ́

Bí ẹ bá wọ ilé kan ní òpópónà tí mò ń sọ yìí, tí ilẹ̀ rẹ̀ ń dán, tí ó sì tutù lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ yín, ẹ má wulẹ̀ béèrè ẹni tó rẹ́ ẹ. Dígí ni. Bíríkìlà ni iṣẹ́ rẹ̀, Dígí ni àdúgbò sọ ọ́, nítorí wọ́n ní ilẹ̀ tó bá ti ọwọ́ rẹ̀ jáde, èèyàn lè wo ojú ara rẹ̀ nínú rẹ̀ fá irùngbọ̀n. Irọ́ wà níbẹ̀ díẹ̀. Kò sí ẹni tó tíì rí ju òjìji ara rẹ̀ lọ lórí ilẹ̀ Dígí. Àmọ́ irọ́ tó dùn ún gbọ́ ni, ẹni tí wọ́n ń pa á fún kò sì bá wọn jiyàn rí.

Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin ni nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Ó ti tó ọdún mẹ́sàn-án tí kò ti gun àkàsọ̀ mọ́, nítorí orúnkún rẹ̀ ń dún bí ilẹ̀kùn tí wọn ò bu epo sí. Ilẹ̀ nìkan ló kù tó ń rẹ́. A máa sọ pé òun ò lè gòkè mọ́, àmọ́ òun ṣì lè kúnlẹ̀. Ìyàwó rẹ̀, kó tó dolóògbé, a máa dá a lóhùn pé, "Tó o bá lè kúnlẹ̀, wá kúnlẹ̀ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ mi ná." Àwọn méjèèjì á sì jọ rẹ́rìn-ín.

Àṣírí ọwọ́ rẹ̀ kò jìnnà. Lẹ́yìn òpópónà, níbi tí ilé parí sí, ni wọ́n ti ń wa wúrà. Àwọn ọkùnrin á gbẹ́ òkúta jáde látinú kòtò, ẹ̀rọ á lọ̀ ọ́, àwọn obìnrin á fi omi ṣàn án títí wúrà bín-ín-tín tó wà nínú rẹ̀ á fi yọ. Ohun tó bá ṣẹ́ kù, wọ́n á dà á nù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ti di òkè níbẹ̀. Àwọ̀ eérú ló ní, ó sì kúnná ju ìyẹ̀fun lọ. Lẹ́búlẹ́bú ni gbogbo wọn ń pè é. Dígí ni ẹni àkọ́kọ́ tó wo òkè yẹn tó rí i pé ó wúlò. Iyanrìn odò rí hóró-hóró, ó sì jìnnà. Lẹ́búlẹ́bú wà lẹ́yìnkùlé, kò sì sẹ́ni tó ń ṣọ́ ọ.

Á fi àjákù aṣọ fèrèsé sẹ́ ẹ, á po símẹ́ńtì díẹ̀ mọ́ ọn, á tẹ́ ẹ, á fi pátákó rẹ́ ẹ. Tí ilẹ̀ bá fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ tán, á po lẹ́búlẹ́bú mìíràn mọ́ omi títí tí yóò fi ṣàn bíi mílíìkì, á wá fi òkúta odò kan tó ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ látìgbà èwe pa ilẹ̀ náà yípo-yípo. Omi ìdán ló ń pe ìyẹn. Àwọn ọmọ àdúgbò á rọ̀gbà yí i ká, wọ́n á ní omi idán ni, bí ẹni pé oògùn wà nínú rẹ̀. Nítorí símẹ́ńtì kéré níbẹ̀, ilẹ̀ náà a máa yọ eruku fúlẹ́fúlẹ́ tó bá pẹ́, Dígí á sì padà lọ fi omi ìdán pa á lẹ́ẹ̀kan sí i, láìgba nǹkan kan. Ẹni tó fẹ́ràn iṣẹ́ rẹ̀ ni.

Ọjọ́ tó rẹ́ yàrá aránṣọ tó ń gbé ní òdìkejì títì, ọmọkùnrin aránṣọ, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rá, já mọ́ ìyá rẹ̀ lọ́wọ́, ó sì tẹ àtẹ́lẹwọ́ kan mọ́ ilẹ̀ tútù náà lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Dígí ti gbé pátákó, ó fẹ́ pa á rẹ́.

"Ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, Bàbá," ni aránṣọ wí. "Tó bá dàgbà tó ń ṣe agídí, màá fi hàn án pé àtikékeré ló ti ń ba iṣẹ́ oníṣẹ́ jẹ́."

Wọ́n fi sílẹ̀. Ọmọ náà kò dàgbà. Gìrì gbé e lọ kó tó pé ọdún mẹ́ta, Dígí sì wà lára àwọn tó lọ sin ín. Gìrì pọ̀ ní òpópónà yẹn lọ́dún náà. Kò sẹ́ni tó bi gìrì léèrè ibi tó ti ń bọ̀.

Nígbà tí ọmọ Dígí ọkùnrin, tó ń ṣiṣẹ́ ní kòtò wúrà, bí ọmọbìnrin, inú bàbá àgbà dùn débi pé ó gbàgbé orúnkún rẹ̀. "Ìyàwó mi" ló ń pe ọmọ náà. "Àna mi" ló ń pe ìyá ọmọ, á sì ṣe bí ẹni tó fẹ́ dọ̀bálẹ̀ fún un láàárọ̀ kutukutu, tí gbogbo ilé á máa rẹ́rìn-ín. Ta ló máa ń fi nǹkan du ìyàwó rẹ̀? Ó rẹ́ ilẹ̀ yàrá ọmọ náà bí kò ṣe rẹ́ ti ẹnikẹ́ni rí. Ìgbà mẹ́ta ló sẹ́ lẹ́búlẹ́bú. Ọjọ́ mẹ́rin ló fi pa á ní omi ìdán. Nígbà tí ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó, á máa fi èékánná ha ilẹ̀, á sì ki ìka bọ ẹnu. Dígí á pàtẹ́wọ́.

"Ẹ wá wò ó o! Ó ń tọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ọkọ rẹ̀ wò!"

Ọ̀rọ̀ yìí ni yóò máa padà dún sí i létí lẹ́yìnwá ọ̀la, tí kò ní lè jẹun.

Ó ku oṣù kan kí ọmọ náà pé ọdún méjì ni nǹkan yí. Ọmọ tó ti ń rìn padà sórí rírá. Ohun tó bá jẹ, á bì í. Á di ikùn mú, á máa sunkún láìdákẹ́. Wọ́n á pè é láti ẹ̀yìn, kò ní bojú wẹ̀yìn. Ìyá rẹ̀ ní bóyá eyín ló ń hù. Àwọn kan ní afẹ́fẹ́ ni. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ojú ọmọ yí padà, ẹsẹ̀ rẹ̀ le gbandi, gìrì dé. Ìyá gbé e, ó sáré gba ilé ìwòsàn lọ láìwọ bàtà, Dígí sì sáré tẹ̀lé e lórí orúnkún tí kò lè gun àkàsọ̀.

Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ ọmọ. Lọ́jọ́ kẹta nọ́ọ̀sì pè wọ́n wọlé, bàbá, ìyá àti bàbá àgbà.

"Òjé ló wà nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ yìí," ni nọ́ọ̀sì wí, "ó sì pọ̀ gan-an."

"Òjé?" ni Dígí wí. "Èyí táwọn apẹja ń so mọ́ àwọ̀n?"

"Òun náà ni, Bàbá."

"Nọ́ọ̀sì, ọmọ tí ẹran ò tíì rọrùn fún un láti jẹ, báwo ló ṣe máa wá jẹ òjé?"

Nọ́ọ̀sì kò rẹ́rìn-ín. Ó ṣàlàyé fún wọn pé inú òkúta kan náà ni òjé àti wúrà jọ ń gbé. Tí wọ́n bá lọ òkúta náà, wọ́n á mú wúrà lọ, òjé á kù sínú eruku. Ọwọ́ ọmọdé kì í dúró, ẹnu ni ọwọ́ ọ̀hún sì ń lọ. Bó bá ti wọ inú ẹ̀jẹ̀, á wọ eegun, á wọ ọpọlọ, ó sì lè di ọmọ létí. "Kò yẹ kó kọjá márùn-ún lórí ìwọ̀n wa, tó bá tilẹ̀ máa wà rárá. Ti ọmọ yín jẹ́ méjìlélọ́gọ́ta. A máa fún un ní oògùn tó ń fa òjé jáde, àmọ́ asán ni oògùn tí òjé bá tún ń wọlé. Ẹ mú un jìnnà sí eruku kòtò. Ta ló ń ṣiṣẹ́ ní kòtò nínú ilé yín?"

Gbogbo wọn yíjú sí bàbá ọmọ. Òun náà wo ṣòkòtò rẹ̀, tí eruku wà ní etí rẹ̀.

Dígí kì í ṣe ẹni tó ń bínú, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn ó bínú. Ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn ló ti bẹ̀rẹ̀. "Ìwọ lo gbé ikú wọlé, lórí aṣọ rẹ. Mo ń wá ohun tó ń ṣe ìyàwó mi, àṣé inú ilé lọ̀tá wà. Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, inú ẹ̀fọ́ náà ló wà." Òótọ́ ló sọ, kòkòrò náà nìkan ni kò tíì mọ̀. Ọmọ rẹ̀ dọ̀bálẹ̀ sí ojú títì, ó ní kí bàbá má bínú. Bàbá bínú. Ó ní kó lọ máa sùn ní àtíbàbà ẹ̀gbẹ́ kòtò, kó má sì fọwọ́ kan ọmọ náà mọ́. Láti ọjọ́ yẹn, ìrọ̀lẹ́ ni ọkùnrin náà á wá dúró lójú títì, á wo ọmọ rẹ̀ láti ojú fèrèsé, á juwọ́ sí i. Ọmọ náà kì í gbọ́ tó bá pè é, ọwọ́ nìkan ló kù tó ń jù.

Ilé kò ṣeré. Wọn kò jẹ́ kí ọmọ jáde mọ́. Wọ́n fi aṣọ dí fèrèsé ọ̀nà ibi tí ẹ̀rọ ìlọ̀kúta wà. Wọ́n ká ẹní kúrò nílẹ̀, nítorí Dígí ní ẹní ń gba eruku mọ́ra, pé ilẹ̀ lásán ló mọ́ jù. Ọmọ wá ń ṣeré lórí ilẹ̀ lásán látàárọ̀ dalẹ́. Nígbà tí ìyá rẹ̀ sọ pé òun rí eruku fúlẹ́fúlẹ́ díẹ̀ lára ilẹ̀, ara Dígí kò gbà á. Gbogbo ọ̀sẹ̀ ló ń kúnlẹ̀, tó ń po lẹ́búlẹ́bú, tó ń fi omi ìdán pa ilẹ̀ náà, tó ń bá ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀ bó ti ń pa á. Ó ń ṣe é bí ẹni tó ń gbàdúrà. Kò sí yàrá tó mọ́ tó yàrá yẹn ní gbogbo òpópónà.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà wọ́n tún gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ó ti di mẹ́tàlélọ́gọ́rin.

"Kí lẹ ń fún ọmọ yìí jẹ?" Nọ́ọ̀sì pariwo mọ́ wọn gan-an. Ìyá ọmọ bú sẹ́kún. Nọ́ọ̀sì rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní kí wọ́n máa lọ sílé, pé òun á rán ẹni tó ń yẹ ilẹ̀ wò sí wọn.

Ọ̀dọ́mọbìnrin kan ló dé lọ́jọ́ kejì. Ẹ̀rọ kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ tó jọ èyí táwọn káfíńtà fi ń dá igi lu, òun ló fi ń mọ ibi tí òjé wà. Ó gbé e ka àgbàlá, ó kọ nǹkan sílẹ̀. Ó gbé e ka ìkòkò, ó gbé e ka aṣọ iṣẹ́ kan tí bàbá ọmọ gbàgbé sórí okùn, ó mi orí díẹ̀, ó tún kọ ọ́. Lẹ́yìn náà ó wọ yàrá. Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé ẹnu ẹ̀rọ náà lé ilẹ̀. Ó wò ó. Ó fi aṣọ nu ẹnu ẹ̀rọ, ó tún gbé e lé ilẹ̀, níbòmíràn. Ó dìde, ó ń wo ilẹ̀ náà láti igun dé igun.

"Ta ló rẹ́ ilẹ̀ yìí?"

Ó ti lé ní ogójì ọdún tí wọ́n ti ń bi Dígí ní ìbéèrè yìí, ìyìn ló sì máa ń tẹ̀lé e. Ó tún ẹ̀wù rẹ̀ ṣe.

"Èmi ni, ọmọ mi. Lẹ́búlẹ́bú ni, èyí tí wọ́n ń dà nù lẹ́yìn ibẹ̀ yẹn. Àwọn èèyàn ò mọ iyì rẹ̀. Ìgbà mẹ́ta ni mo sẹ́ ẹ. Tó o bá ní yàrá tó o fẹ́ ká bá ẹ..."

Ọ̀dọ́mọbìnrin náà kò jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀. Ọmọ ló kọ́kọ́ yára gbé nílẹ̀. Ó gbé e jáde sí àgbàlá, ó gbé e lé ìyá rẹ̀ lọ́wọ́, kó tó padà wá bá a.

"Bàbá," ó wí, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀, "ilẹ̀ yìí ni. Òun ni òjé tí ọmọ yín ń jẹ."

Dígí jókòó sórí ilẹ̀ tó rẹ́. Kò sí ẹni tó lè sọ ohun tó ṣe é nínú lọ́jọ́ náà, àmọ́ ẹ jẹ́ n gbìyànjú: ó ń wo ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni tó ń wo ọwọ́ àlejò. Ẹni tí wọ́n ní kó kín wọn lẹ́yìn, òun ló fi ẹ̀gún sọ́wọ́. Gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn. Gbogbo omi ìdán yẹn. Tó bá jẹ́ pé ó kórìíra ọmọ náà ni, ìbá má ti pa ilẹ̀ yẹn lẹ́ẹ̀mejì, òjé rẹ̀ ìbá sì kéré. Ìfẹ́ ló fi ń rẹ́ ẹ, ìfẹ́ ọ̀hún ló sì wọ inú ẹ̀jẹ̀.

Wọ́n ránṣẹ́ pe ọmọ rẹ̀ wá láti kòtò. Kó tó wọlé dáadáa ni bàbá rẹ̀ ti kúnlẹ̀ fún un.

"Bàbá, ẹ dìde! Ẹ fẹ́ ṣẹ́ èpè fún mi ni?" Ọkùnrin náà rá bàbá rẹ̀ mú, ó gbé e nílẹ̀ tipátipá. Àwọn méjèèjì dúró síbẹ̀, wọ́n di ara wọn mú. Nígbà tó yá, ó béèrè bóyá òun lè lọ gbé ọmọ òun báyìí.

Ilé ìwòsàn gba ọmọ àti ìyá rẹ̀ sílé. Ọ̀dọ́mọbìnrin náà kọ́ Dígí bí wọ́n ṣe ń hú irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀: kí wọ́n so aṣọ mọ́ imú, kí wọ́n da omi sí i títí á fi rin gbingbin kí eruku má bàa fò, kí wọ́n gbẹ́ ẹ kọjá ìbú ọwọ́ kan, kí wọ́n kó o sínú àpò lọ sí kòtò tí àwọn á fi símẹ́ńtì dí. Ọmọ rẹ̀ ló da omi, Dígí ló hú u. Ó ní òun tó ṣe é ni yóò tú u. Nígbà tí wọ́n parí, ọ̀dọ́mọbìnrin náà bi í pé, "Bàbá, yàrá mélòó ló tún wà?"

Dígí di ojú. Kò kà á ní ení, èjì. Ẹni tó ni yàrá kọ̀ọ̀kan ló ń rí: ìyá alákàrà, afọṣọ, tíṣà, ìyá ìbejì, àpọ́n tó ń tún rédíò ṣe, aránṣọ. Nígbà tó la ojú, ó ní ó lé ní ogójì.

"A ti ń lọ kan ilẹ̀kùn wọn," ni ọ̀dọ́mọbìnrin náà wí. "Wọn kì í ṣí i fún wa. Wọ́n rò pé a fẹ́ ti kòtò wúrà pa ni."

"Wọ́n á ṣí i fún mi," ni Dígí wí.

Nígbà tí aya ọmọ rẹ̀ gbọ́ nílé ìwòsàn, ó di ẹ̀wù rẹ̀ mú. "Bàbá, mo bẹ̀ yín, ẹ má sọ fún ẹnì kan. Ẹ jẹ́ kí àwọn elétò ìlera wá ọgbọ́n dá sí i. Ẹ ti gbàgbé ọmọ aránṣọ? Wọ́n á ní ẹ̀yin lẹ pa á."

"Àna mi, àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́," ni Dígí wí. "Mo wà lọ́jà. Ọwọ́ mi gan-an ló ti wọ́. Ó tún kù kí n dákẹ́?"

Kó tó kúrò níbẹ̀, ó dúró lẹ́yìn ọmọ náà, tó jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì tó ń fi ìdérí ìgò ṣeré. Nọ́ọ̀sì ti sọ fún un pé òjé ti ń lọ sílẹ̀, ó ti di mọ́kànléláàádọ́rin, àmọ́ òun ò lè ṣèlérí nǹkan kan lórí etí.

"Ìyàwó mi," ó pè é.

Ọmọ náà ń yí ìdérí ìgò. Ó tún pè é, ó gbé ohùn sókè. Nígbà tó fọwọ́ kàn án léjìká ló tó yíjú, ó sì rẹ́rìn-ín sí i gan-an, bí ẹni tí kò ní ẹjọ́ kankan láti bá a rò. Dígí yára jáde.

Ilé tó ń bà á lẹ́rù jù ló fi ṣe àkọ́kọ́. Aránṣọ wà nídìí ẹ̀rọ rẹ̀, ó ń ran aṣọ ilé ìwé kan. Ó lóyún oṣù méje, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì wà lásán lórí ilẹ̀. Ó rí Dígí pẹ̀lú díígà àti garawa omi, ó rẹ́rìn-ín.

"Bàbá Dígí, ẹ wá fi omi ìdán pa ilẹ̀ mi ni? Ó ti ń yọ eruku díẹ̀ o. Ẹ bá mi ṣe é kó dán, àlejò mi ń bọ̀ lọ́nà." Ó fọwọ́ pa ikùn.

Ó ní kí Dígí jókòó. Kò jókòó. Ó sọ ọ́ fún un lórí ìdúró, gbogbo rẹ̀, láti orí òkè lẹ́búlẹ́bú dé orí ẹ̀rọ ọ̀dọ́mọbìnrin náà, kò fi nǹkan kan pa mọ́, kò sì wá àwáwí kankan. Ẹ̀rọ ìránṣọ dákẹ́. Aránṣọ ká ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kúrò nílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó gbé wọn lé orí igi àga.

"Gìrì ọjọ́ yẹn," ó wí. "Ṣé òun náà ni?"

"Mi ò mọ̀, ọmọ mi. Àmọ́ ilẹ̀ kan náà ni. Mi ò lè parọ́ fún ẹ."

Dígí ti múra sílẹ̀ fún èébú. Ó ti múra sílẹ̀ fún òkò. Ìbá wù ú kí obìnrin náà bú òun, kó na òun pàápàá. Aránṣọ kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ló ń wò, níbi tí àtẹ́lẹwọ́ kékeré yẹn wà. Àyíká rẹ̀ mọ́ ju gbogbo yàrá lọ; ó hàn pé ẹnì kan ń fi aṣọ nù ún lójoojúmọ́.

"Ẹ fẹ́ hú u," ó wí.

"Gbogbo rẹ̀. Nítorí èyí tó ń bọ̀. Màá bẹ̀rẹ̀ láti igun ọ̀hún. Màá fi... màá fi ibẹ̀ yẹn sẹ́yìn."

"Rárá, Bàbá." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fi sẹ́yìn, mi ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ gbẹ́ ẹ."

Aránṣọ so aṣọ mọ́ imú Dígí, ó jáde lọ dúró lójú títì, ó kọ ẹ̀yìn sí ilé. Dígí kúnlẹ̀. Ó tẹ garawa, omi ṣàn lọ lórí ilẹ̀ dídán náà, kò dúró níbìkan, àfi inú àtẹ́lẹwọ́ yẹn. Ó kún un títí dé ẹnu ìka márààrún. Dígí wo inú omi náà, ó sì rí ojú ara rẹ̀ kedere.

Ó gbé díígà sókè.